Ọ̀sẹ̀ Mẹ́wàá Nídìí Kọ̀ǹpútà: Ìgbéléwọ̀n Ètò Ìwádìí fún Ọmọ Fásitì

Ní ìparí oṣù Keje tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, ìran kan náà ló máa ń wáyé ní ọ̀pọ̀ fásitì Amẹ́ríkà. Àwọn ọ̀dọ́ bíi mẹ́wàá á tò sínú gbọ̀ngàn, oníkálukú á dúró ti pósítà tirẹ̀. Ọ̀kan ti kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá igbe ẹyẹ kan mọ̀ yàtọ̀ sí òmíràn. Èkejì ń ṣàlàyé ìdí tí ọ̀nà kan fi yá ju èkejì lọ láti to dátà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń rìn kiri pẹ̀lú ife kọfí lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n ń mi orí. Kí ọkọ̀ tó ń lọ sí pápákọ̀ òfuurufú tó dé, líǹkì kan á wọlé sórí fóònù gbogbo wọn: báwo ni ètò yìí ṣe ṣe ọ́ láǹfààní tó nínú kíka ìwé ìwádìí, nínú kíkọ kóòdù, nínú ìgboyà láti dá ìbéèrè sílẹ̀? Ìdáhùn bẹ̀rẹ̀ láti orí "kò ṣe mí láǹfààní kankan" dé orí "ó ṣe mí láǹfààní gan-an ni." Wọ́n á tẹ "gan-an ni" ní ìlà kìíní, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ìlà kejì, títí dé ìparí. Wọ́n á dì mọ́ra wọn, wọ́n á gbé báàgì.

Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ nípa irú ètò yìí, orí títẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́ ọ lé.

Ètò ìwádìí fún akẹ́kọ̀ọ́ oyè àkọ́kọ́ ni èyí tó ń gbé ọmọ tí kò tíì gba dìgírì kúrò nídìí ìwé kíkà àti ìdánwò, tó sì ń fi í sábẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n tàbí akẹ́kọ̀ọ́ oyè dókítà kan láti ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀. Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ náà lè dá lórí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, róbọ́ọ̀tì, èdè, ọgbọ́n àtọwọ́dá, tàbí ìṣirò lásán tí kò kúrò lójú pátákó. Ìgbéléwọ̀n ètò bẹ́ẹ̀ ni wíwádìí bóyá ó ṣiṣẹ́: ta ló ṣe láǹfààní, àǹfààní wo ni, báwo ló ṣe pọ̀ tó, àti pé ṣé ètò náà ló fa àǹfààní ọ̀hún, àbí ọmọ náà ti gbé e bọ̀ láti ilé? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló ń lé oorun lójú àwọn onígbéléwọ̀n.

Ìtàn rẹ̀ kò ti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀. Ní 1957, Edwin Land, ọkùnrin tó ṣe kámẹ́rà Polaroid tó ń pọ fọ́tò jáde lójú ẹsẹ̀, sọ̀rọ̀ ní MIT. Ó ní ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ ìwádìí tirẹ̀ lọ́wọ́, kí àgbà kan sì máa tọ́ ọ sọ́nà. Ọdún méjìlá kọjá kí ọ̀rọ̀ náà tó di iṣẹ́. Ní 1969, Margaret MacVicar, ọ̀dọ́ onímọ̀ físíìsì, dá ètò UROP sílẹ̀ níbẹ̀, ọ̀pọ̀ fásitì sì wo àwòkọ́ṣe rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ náà kò jókòó lásán. Àjọ tó ń náwó sí ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní NSF, ti ní irú ètò kan láti 1958. Ètò yẹn kú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì jí i dìde ní 1987 lórúkọ tuntun, REU. Orúkọ yìí ni ọmọ fásitì ń dá báyìí: "Mo rí REU gbà." Akẹ́kọ̀ọ́ bíi mẹ́wàá ní ibùdó kan, ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́wàá, owó ìnáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ilé gbígbé àti owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba owó náà láti ṣí ibùdó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè owó rẹ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, bí òun yóò ṣe gbé e léwọ̀n.

Nígbà tí REU fi wọ ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, ìṣòro kan ti wà nílẹ̀ tó fún ìgbéléwọ̀n níbẹ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀. Ní 1984, ìdá 37 nínú 100 àwọn tó gba dìgírì kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà ló jẹ́ obìnrin. Lẹ́yìn náà ni iye yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, títí tó fi di nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún. Àjọ àwọn oníwádìí kọ̀ǹpútà, CRA, dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1991 láti bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin, ìgbìmọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní 1994, èyí tí wọ́n wá ń pè ní DREU nígbà tó yá. Ọmọbìnrin kan á lọ lo ìsinmi rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin ní fásitì mìíràn. Kì í ṣe kóòdù nìkan ló ń lọ wò. Ó ń lọ wo bí obìnrin oníwádìí ṣe ń gbé ayé rẹ̀: bó ṣe ń wá owó iṣẹ́, bó ṣe ń kọ ìwé tí wọ́n dá padà fún un tó sì tún un kọ, bó ṣe ń sáré lọ gbé ọmọ níléèwé ní agogo mẹ́ta.

Torí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ìbéèrè tí wọ́n ń bi ètò kọ̀ǹpútà ti kọjá ìmọ̀ lásán. Ṣé ọmọ yìí dúró? Ṣé ó rí ara rẹ̀ bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ sí ibẹ̀?

Irinṣẹ́ tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ fún wíwọn irú nǹkan yìí ni SURE, ìwé ìbéèrè tí David Lopatto ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Grinnell, ní ìpínlẹ̀ Iowa, gbé jáde. Àbájáde rẹ̀ àkọ́kọ́ wá síta ní 2004: akẹ́kọ̀ọ́ 1,135 láti ilé ẹ̀kọ́ 41, àti àǹfààní 20 tí wọ́n ní kí wọ́n wọ̀n fúnra wọn. Ó lé ní ìdá 83 nínú 100 wọn tó ní àwọn fẹ́ máa bá ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì lọ lẹ́yìn dìgírì àkọ́kọ́. Ohun tí ọkùnrin kọ àti ohun tí obìnrin kọ kò yàtọ̀ púpọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni láàárín ẹ̀yà kan àti òmíràn. Ìròyìn ayọ̀ ni, ó sì rìn jìnnà.

Àmọ́ kí òǹkàwé fara balẹ̀ wo ìdá 83 yẹn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbèrò láti tẹ̀síwájú wà nínú rẹ̀, àwọn tó ti ń gbèrò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ọmọ tó ti ń sọ láti ilé ẹ̀kọ́ girama pé dókítà ìmọ̀ kan ni òun yóò dà, wọ́n ka òun náà mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ètò náà kò fi bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú ìpinnu rẹ̀. Nínú gbogbo wọn, àwọn 51 kan ló yẹ ká fẹ́ gbọ́ tẹnu wọn jù: àwọn tó ti ní in lọ́kàn láti tẹ̀síwájú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá ní àwọn kò ṣe mọ́. Àǹfààní tí wọ́n kọ sílẹ̀ kéré sí ti àwọn yòókù. Ṣé ọ̀gá wọn ni kò ráyè tiwọn? Àbí wọ́n rí iṣẹ́ náà dénú ni, tí wọ́n sì mọ̀ pé kì í ṣe tiwọn? Bó bá jẹ́ ti ìkejì, oore ńlá ni ètò náà ṣe wọ́n, torí ó gba ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ́wọ́ òfò fún wọn. Ìwé ìbéèrè kò ní àyè tí wọ́n lè fi àmì sí fún irú oore bẹ́ẹ̀.

Ní 2004 kan náà, Elaine Seymour àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì Colorado nílùú Boulder gba ọ̀nà mìíràn yọ. Wọ́n jókòó ti akẹ́kọ̀ọ́ 76 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké mẹ́rin, wọ́n gba ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, wọ́n sì tú u palẹ̀ ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo 100 gbólóhùn, 91 ló ń sọ nípa àǹfààní. Láti inú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ni wọ́n ti hun ìwé ìbéèrè mìíràn, URSSA, tó ti di àjùmọ̀lò fún ọ̀pọ̀ ibùdó. Ohun tó wuni nínú rẹ̀ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò kàn ka ìmọ̀ tí wọ́n rí kó. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ara wọn: pé àwọn ti ń ronú bí oníwádìí, pé ọ̀jọ̀gbọ́n ń bi àwọn léèrè ohun tí àwọn rò, kì í ṣe ohun tí àwọn kà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, Susan Russell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde nínú ìwé ìròyìn Science: akẹ́kọ̀ọ́ bíi 4,500, àti àwọn olùtọ́sọ́nà bíi 3,600. Ìdá 68 nínú 100 àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìfẹ́ àwọn sí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì ti pọ̀ sí i. Ìdá 29 ní àwọn ti wá ń retí láti gba oyè dókítà, ohun tí kò sí lọ́kàn àwọn tẹ́lẹ̀. Àwọn oníwádìí náà wá ìlànà tí ẹni gbogbo lè tẹ̀ lé, iye ìpàdé, iye ìwé kíkà, iye pósítà, tí yóò mú ètò dára dandan. Wọn kò rí i.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni Yorùbá wí. Gbogbo àwọn ìwádìí wọ̀nyí, ẹnu ni wọ́n wọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ ní òun ti mọ bí a ṣe ń dá ìbéèrè ìwádìí sílẹ̀. Ta ló rí i níbi tó ti ń dá a sílẹ̀? Ní 2000, CarolAnne Kardash ti gbìyànjú láti fi ojú kejì kún un. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ 57 wọn ara wọn lórí ọgbọ́n iṣẹ́ 14, ó sì ní kí àwọn ọ̀gá wọn náà wọ̀n wọ́n. Ẹnu méjèèjì kò dojú ìjà kọra wọn tó bí èèyàn ì bá ti rò. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ rí ló ṣe pàtàkì: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ bí a ṣe ń kó dátà jọ àti bí a ṣe ń wo nǹkan fínnífínní, ṣùgbọ́n kí wọ́n dá ìbéèrè tiwọn sílẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn gbé ìwádìí kalẹ̀, ibẹ̀ ni ìtẹ̀síwájú ti kéré. Ẹni tó bá ti ṣe ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rí yóò mọ̀ ọ́n. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò láì gé aṣọ kankan.

Ní Fásitì Buffalo State, ní ìpínlẹ̀ New York, Jill Singer àti Daniel Weiler sọ irú ìwọ̀n ojú méjì yìí di ètò tó ní orúkọ, EvaluateUR. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, akẹ́kọ̀ọ́ á fún ara rẹ̀ ní máàkì, ọ̀gá rẹ̀ náà á fún un, ẹnì kan kò ní wo ti ẹnì kejì. Wọ́n á tún ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín, wọ́n á ṣe é ní ìparí. Lẹ́yìn ìgbà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á fi ìwé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á jókòó. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ fún ara rẹ̀ ní máàkì gíga lórí fífara da ìjákulẹ̀, tí ọ̀gá fún un ní kékeré. Ọ̀gá á ní, "Ní ọ̀sẹ̀ kẹta tí kóòdù kò ṣiṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin lo fi dákẹ́ sí mi." Akẹ́kọ̀ọ́ á ní, "Mo rò pé tí mo bá béèrè, ẹ ó ní mi ò mọ̀ ọ́n ni, mà." Ìjíròrò yẹn gan-an, nínú èrò ẹni tó ń kọ èyí, níye lórí ju máàkì lọ. Ìwọ̀n tó ń kọ́ni ni, ìyẹn sì ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n.

Ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ní àǹfààní kan tí ẹ̀ka mìíràn kò ní. Iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀ máa ń fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń fi Git tọ́jú kóòdù wọn, gbogbo àyípadà ló sì ní ọjọ́, wákàtí àti ọ̀rọ̀ kúkúrú tó bá a rìn. Ẹni tó bá ṣí i wò á rí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà bó ṣe rí gan-an. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lè lọ sórí fífi nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, torí ẹ̀yà irinṣẹ́ tí kóòdù àwọn àgbà ń lò ti gbó, tuntun kò sì gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin: "ó ti ṣiṣẹ́." Ní ọjọ́ kejì rẹ̀: "kò ṣiṣẹ́ mọ́." Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kóòdù yá, àmọ́ àbájáde rẹ̀ kò dára tó ti ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣẹ̀sín. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, àyípadà mẹ́tàdínlógún ní alẹ́ kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ lórí àwọ̀ ìlà inú àwòrán pósítà. Àkọsílẹ̀ yìí wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kò gba líǹkì, kò gba ìwé ìbéèrè. Ó ya èèyàn lẹ́nu pé ìwé ìbéèrè ṣì ni ọ̀pọ̀ onígbéléwọ̀n ń sá tọ̀.

Kódà bí a bá ti wo ọwọ́ tán, ìbéèrè ńlá ṣì wà nílẹ̀. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Ètò tí kò fi àwọn tó wọlé wé ẹnikẹ́ni kò lè mọ bí oko rẹ̀ ṣe tóbi tó. Àwọn tó ń wọ REU kì í ṣe ẹni tí a ṣàdéédé kó ní títì. Máàkì wọn ga, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti kọ lẹ́tà fún wọn, àwọn fúnra wọn sì ti fẹ́ràn iṣẹ́ náà débi pé wọ́n kọ̀wé béèrè. Bí irú wọn bá lọ gba oyè dókítà, wọ́n lè jẹ́ ẹni tí yóò lọ bí wọ́n bá tilẹ̀ fi gbogbo ìsinmi náà ta búrẹ́dì.

Ọ̀nà tó mọ́ jù láti yanjú rẹ̀ ni kí wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín àwọn tó tóótun, kí àwọn kan wọlé, kí àwọn kan dúró síta. Ìyẹn kò rọrùn láti gbà fún ọ̀jọ̀gbọ́n tó nílò ọwọ́ tó dáńtọ́. Fásitì Michigan sún mọ́ ọn jù: nínú ìwádìí tí Biren Nagda àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1998, wọ́n fi àwọn tó wọ ètò UROP ibẹ̀ wé àwọn tó béèrè ṣùgbọ́n tí wọn kò wọlé, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ẹni tó jọra so pọ̀. Ètò náà dín iye àwọn tó ń fi fásitì sílẹ̀ kù, àǹfààní rẹ̀ sì hàn jù lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ adúláwọ̀ àti àwọn tó wà ní ọdún kejì. Ní Fásitì Maryland ti agbègbè Baltimore, UMBC, ètò Meyerhoff tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988, tí Freeman Hrabowski sì jẹ́ òpó rẹ̀, rí àfiwéra mìíràn tó gbọ́n: àwọn tí wọ́n pè, ṣùgbọ́n tí wọ́n kọ̀, tí wọ́n gba fásitì mìíràn lọ. Orí wọn pé bíi ti àwọn tó wá. Síbẹ̀, àwọn tó wá fi bí ìlọ́po márùn-ún pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ láàárín àwọn tó ti gba oyè dókítà sáyẹ́ǹsì tàbí tó ń kà á lọ́wọ́. Ìwádìí kò dá nìkan ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ wà, ìdílé ńlá tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ náà wà, torí náà kò rọrùn láti mọ ọwọ́ tó gbé ẹrù náà gan-an.

Níbi tí gègé kò ti ṣeé ṣẹ́, ìṣirò ló kù. Kevin Eagan àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní 2013: wọ́n wá akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ṣe ìwádìí tó jọ èyí tó ṣe é nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè wọ̀n, wọ́n wá fi wọ́n wéra. Èrò láti lọ kàwé sí i fi máàkì 14 sí 17 nínú 100 pọ̀ jù lára àwọn tó ṣe ìwádìí. Ó kéré sí ohun tí ẹ̀rí ẹnu ń mú èèyàn retí, ó sì ṣeé gbà gbọ́ jù ú lọ. Nígbà tí Marcia Linn àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ka ìwádìí 60 palẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Science ní 2015, wọ́n rí i pé èyí tó ju ìdajì wọn lọ kò ní ju ẹ̀rí ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Mẹ́rin péré ló wọn ìmọ̀ tàbí ọgbọ́n ìwádìí fúnra rẹ̀.

Ní ti kọ̀ǹpútà, CRA gbé ọ̀nà kan kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2010 tó tún ọ̀rọ̀ àfiwéra ṣe. Ẹ̀ka rẹ̀ tó ń rí sí ìgbéléwọ̀n, CERP, ń fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ lọ́dọọdún sí akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ẹ̀ka kọ̀ǹpútà káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ì báà jẹ́ ẹni tó ṣe ìwádìí tàbí ẹni tí kò ṣe é. Ẹ̀ka tó bá bá wọn pín in á gba ìròyìn tirẹ̀ padà, kó lè rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbé DREU léwọ̀n kò ní máa wá àfiwéra kiri. Àfiwéra ti wà nílẹ̀. Ìṣòro iye èèyàn náà rí ojútùú tó jọ ọ́. Ibùdó kan tó ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá kò lè fi ìṣirò sọ nǹkan gidi. Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ti yí padà nìyẹn. Audrey Rorrer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Fásitì North Carolina ti Charlotte kó ìbéèrè kan náà jọ fún gbogbo ibùdó REU kọ̀ǹpútà tó bá fẹ́ lò ó, kí mẹ́wàá ti ibí lè kún mẹ́wàá ti ọ̀hún.

Ìṣòro kan wà tó jẹ́ ti kọ̀ǹpútà gan-an, owó ni. Nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun alààyè, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ gidi sábà máa ń nílò oyè tó ga. Ọmọ kọ̀ǹpútà kò nílò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ńlá kan lè san ju ìlọ́po méjì owó REU fún un ní ìsinmi kan náà, kó sì gbà á síṣẹ́ kí inki dìgírì tó gbẹ. Bí ìgbéléwọ̀n bá ń ka kìkì àwọn tó lọ gba oyè dókítà, ọmọbìnrin tó ṣe REU nínú ààbò íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń dáàbò bo báńkì lónìí, ìjákulẹ̀ ni nínú ìwé wọn. Ẹni tó ń kọ èyí kò rí bí ìyẹn ṣe lè tọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn ètò tó yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yan akẹ́kọ̀ọ́ padà ni ERSP, èyí tí Christine Alvarado dá sílẹ̀ ní Fásitì California ní San Diego ní 2014. Kò dúró de àwọn tó ti yọrí. Ọmọ ọdún kejì ló ń mú, ní ẹgbẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, fún odindi ọdún ilé ẹ̀kọ́ dípò ìsinmi, olùtọ́sọ́nà méjì ló sì ní: ọ̀kan nínú láàbù tó mọ iṣẹ́ náà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ètò tó ń kọ́ wọn bí a ṣe ń ṣe ìwádìí, bí a ṣe ń ka ìwé tó le, bí a ṣe ń kọ àbá. Torí pé mẹ́rin jọ wà lórí iṣẹ́ kan, ó gba èèyàn púpọ̀ láì pa ọ̀jọ̀gbọ́n lára, ìgbéléwọ̀n rẹ̀ tí wọ́n gbé síta ní 2019 sì dá lórí ìbéèrè yẹn gan-an: ṣé ètò lè tóbi láì sọ adùn rẹ̀ nù?

Lẹ́yìn gbogbo èyí, iṣẹ́ tó nira jù kò lógo rárá: wíwá àwọn ọmọ náà rí lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Íméèlì fásitì máa ń kú lẹ́yìn ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Obìnrin míì ti fẹ́ ọkọ, ó ti yí orúkọ padà. Onígbéléwọ̀n á wá jókòó sídìí LinkedIn ní alẹ́, á máa wá orúkọ kọ̀ọ̀kan, kó tó lè kọ nọ́ńbà kan sínú ìròyìn.

Ní Nàìjíríà, ọ̀nà yàtọ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà tí kò ní ṣe pírójẹ́ẹ̀tì ní ọdún tó kẹ́yìn, orí kìíní dé orí karùn-ún, níwájú olùyẹ̀wò láti ìta. Ṣáájú rẹ̀ ni yóò ti ṣe Áì-Tì, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ ní ilé iṣẹ́, lábẹ́ SIWES, ètò tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973, á sì máa kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú lógíbúùkù. Nínú èrò, lógíbúùkù dára ju ìwé ìbéèrè Amẹ́ríkà lọ, nítorí iṣẹ́ ló ń wọ̀n, kì í ṣe ìdùnnú. Níbi iṣẹ́ gan-an, ta ni kò tíì rí èyí tí wọ́n fi báírò kan náà kọ láti ọjọ́ kìíní dé ọjọ́ tó kẹ́yìn, ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí i? Akẹ́kọ̀ọ́ ni pírójẹ́ẹ̀tì àti lógíbúùkù ń fún ní máàkì. Ètò fúnra rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kì í sábà fún ní máàkì.

Ìdè kan ṣì so Ìbàdàn àti Èkó pọ̀ mọ́ REU, ó sì wà nínú òfin owó náà. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tàbí ẹni tó ní ìwé ìgbélùú títí láé nìkan ni NSF gbà kí wọ́n fi owó REU san fún. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Houston tàbí Baltimore lè gbà á. Ìbátan rẹ̀ tó gba físà akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Ìlọrin, tó jókòó sí kíláàsì kan náà, kò lè gbà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ẹni kejì yìí lè wá owó láti inú àpò mìíràn, kó sì fún un ní tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́wàá. Á bá wọn jẹun ọ̀sán, á bá wọn wá ibi tí kóòdù ti ṣẹ́, á dúró ti pósítà tirẹ̀ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn. Nígbà tí líǹkì bá wọlé sórí fóònù àwọn tó kù, tirẹ̀ kò ní dún.